Ohùn Màmá Nínú Fóònù Dókítà

Ọjọ́ tí fóònù tuntun náà wọ ilé wọn ní Híndáwíyà, ní apá gúúsù Jẹ́dà, Dókítà Adédọ̀tun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó fa kọ́tíìnì, ó ti fèrèsé, ó yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri, ó wá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó gbé fóònù náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n gbé àkọ́bí lé lọ́wọ́. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó, ẹ̀rù sì ti ń bà á. Kì í ṣe fóònù ló ń bà á lẹ́rù. Ojú tí ọkọ rẹ̀ fi ń wo fóònù ni.

"Wá wò ó," Dókítà sọ ọ́ lábẹ́ ohùn. "Kò sí ìjọba kan lábẹ́ ọ̀run tó lè mọ ohun tó wà nínú eléyìí."

"Ìjọba wo ló ń wá ohun tó wà nínú ẹ̀, Dókítà?"

"Ìwọ ò lè mọ̀. Wọ́n ń ṣọ́ irú àwa wọ̀nyí."

Irú àwa wọ̀nyí! Dókítà fẹ́ràn gbólóhùn yìí bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn ṣúgà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Jẹ́dà. Bó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀ tí iṣẹ́ kò sí, òun ló ń ṣíwájú àdúrà fún ìwọ̀nba onígbàgbọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n máa ń yọ́ wọ pálọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé kéèkì kalẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹni tó bá kanlẹ̀kùn lè rò pé ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rù tó wà nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí èèyàn lè ti ibẹ̀ bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń padà sílé. Elizabeth mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti Dókítà ní adùn díẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá ń ṣọ́ èèyàn, a jẹ́ pé onítọ̀hún kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó gba fóònù gbogbo àwọn tó wá jọ́sìn, ó kó wọn sínú ìkòkò ìrẹsì, ó dé e pa, ó ní àwọn tó ń ṣọ́ wọn ò ní lè gbọ́ ohùn àwọn láti inú irin. Àárín àdúrà ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ìkòkò. Arákùnrin Samuel fò dìde, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú fèrèsé kí wọ́n tó rí i mú.

Ọ̀rẹ́ Dókítà kan ló bá a ra fóònù tuntun yìí bọ̀ láti Jámánì. Ètò tí wọ́n ṣe mọ́ ọn látilẹ̀wá ni Dókítà kọ́kọ́ fọ̀ dànù, ó fi òmíràn sí i, èyí tí kì í bá ilé iṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀. Kò sí Wásáàpù nínú rẹ̀. Ó fi téèpù dúdú lẹ ojú kámẹ́rà. Ó pa gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí èèyàn mọ ibi tí fóònù náà wà. Nígbà tí ó fi máa ṣe é tán, fóònù náà ò lè pe takisí, kò mọ bóyá oòrùn máa mú lọ́la, kò sì mọ ibi tí òun gan-an wà láyé. Bí èèyàn bá gbójú kúrò lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á tún ti ara rẹ̀ pa.

"Nọ́ńbà méjì ló wà," Dókítà ń ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ọ̀kan gùn gan-an, òun ló ń ṣílẹ̀kùn. Èkejì kúrú, òun ló ń dáná sunlé. Bí wọ́n bá mú mi tí wọ́n ní kí n ṣí i, èyí tó kúrú ni màá tẹ̀. Kíá, ohun gbogbo á pa rẹ́, fóònù á dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí."

"Kí ni nọ́ńbà tó kúrú náà?"

"Ọdún ìgbéyàwó wa."

"Ọdún ìgbéyàwó wa lẹ fi ṣe iná?"

"Kí n má baà gbàgbé ni!"

Elizabeth kò rẹ́rìn-ín. "Ohùn Màmá ńkọ́, Dókítà?"

Ìyá Elizabeth kú ní Ìpetumodù nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ìwé ìrìnnà àwọn tọkọtaya náà wà lọ́wọ́ ẹni tó gba Dókítà síṣẹ́, kí wọ́n sì tó tọwọ́ bọ ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí Elizabeth jáde, wọ́n ti sin ìyá. Ohun tó kù fún un ni àdúrà kan tí ìyá náà fi fóònù aládùúgbò gbà sílẹ̀ kí ó tó dákẹ́, tí wọ́n fi Wásáàpù ránṣẹ́. Ìyá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ó ti ń gbà á? Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀?" Ó húkọ́. Ó ki Elizabeth ní Àṣàbí, ó ní Ọlọ́run á fi ọmọ dá a lóhùn nílẹ̀ àjèjì tó wà. Lẹ́yìn náà ló wá gbàdúrà fún Ṣìkẹ́, "ọ̀rẹ́ rẹ Mùsùlùmí yẹn, tó ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún ọ nígbà tí ara rẹ ò yá." Ó fi orúkọ Jésù pa á dé. Ní gbogbo àárọ̀ ni Elizabeth máa ń gbọ́ ọ kí ó tó bọ́jú.

Ṣìkẹ́ yìí, obìnrin Ìwó, ti gbé òkè ilé wọn rí ní Híndáwíyà kí òun àti Lateef ọkọ rẹ̀ tó kó lọ sí Járúwàlì ní Mẹ́kà, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn àlàájì sílé tí wọ́n sì ń se oúnjẹ fún wọn. Elizabeth kò lè dé ibẹ̀ láéláé, nítorí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ Mẹ́kà. Orí fóònù ni ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wọn wá kù sí. Nígbà tí àdúrà Màmá dé, Elizabeth fi ránṣẹ́ sí i, torí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìpín tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí Dókítà gbọ́, ó di orí mú.

"O fi àdúrà tí wọ́n gbà lórúkọ Jésù ránṣẹ́ sí Mẹ́kà? Mẹ́kà, Elizabeth! Pè é báyìí. Ní kí ó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀."

Elizabeth pè é. Ẹnu rẹ̀ wúwo bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ṣìkẹ́ ní kí ó mú sùúrù díẹ̀, ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Mo ti pa á rẹ́." Láti ọjọ́ náà, ìtìjú kò jẹ́ kí Elizabeth pè é mọ́.

Nísinsìnyí ó kan fóònù Elizabeth fúnra rẹ̀. Dókítà fi wáyà fa ohùn Màmá sínú fóònù tuntun, ó fi han Elizabeth pé ó ti wọlé, ó nu ohun gbogbo kúrò nínú ti Elizabeth, ó sì gbé e lọ sẹ́yìnkùlé lọ fi ọmọ odó fọ́ ọ. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, tí kò lè ṣe ju kí ó pe èèyàn lọ, ló fi rọ́pò rẹ̀.

"Ṣé ibòmíràn ò sí tí a lè tọ́jú ohùn náà sí?" Elizabeth bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀dà kan péré."

"Ẹ̀dà ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Kò síbi tó láàbò ju inú fóònù yìí lọ."

Bí Elizabeth bá fẹ́ gbọ́ ìyá rẹ̀, ó di dandan kí ó máa tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ, kí ọkọ yí ẹ̀yìn sí i, kí ó tẹ nọ́ńbà gígùn.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ìsinmi, àwọn olùkọ́ kan ní Táífù, lórí òkè níbi tí atẹ́gùn tútù wà, pe Dókítà pé kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò. Ó rán kóòtù tuntun. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé òun ń lọ sí Táífù, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé fóònù kọ́ sí iwájú ọkọ̀, Elizabeth jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọrí sọ́nà.

Gbogbo onígbàgbọ́ tó ń gbé Jẹ́dà ló mọ ọ̀nà yìí. Bí o bá ń lọ tààrà, Mẹ́kà ni, Mùsùlùmí nìkan ló sì ni ín. Kí o tó débẹ̀, ojú ọ̀nà á yà sọ́tọ̀ fún àwọn yòókù, wọ́n á fi ọ̀nà jíjìn yí ẹ̀yìn òkè po kí wọ́n tó já sí Táífù. Pátákó ńlá kan wà lókè ọ̀nà tó ń sọ fún oníkálukú ibi tí yóò gbà. Afọ́jú nìkan ni kò ní rí i.

Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku pupa bo ojú ọ̀nà. Dókítà fẹ́ fi máàpù inú fóònù yangàn.

"Máàpù yìí ò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì," ó ní. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń wò ó."

"Ṣé ó ń sọ ibi tí a wà?"

"Mo ti pa ìyẹn. Èmi ni màá máa wò ó."

"Ẹ wojú ọ̀nà, Dókítà, ẹ jọ̀ọ́."

Fóònù ti ara rẹ̀ pa. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ nọ́ńbà gígùn, ó fi ọwọ́ kejì di ọkọ̀ mú. Ó ṣì í tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Tírélà gíga kan gba ọwọ́ ọ̀tún wọn kọjá, ó dí ojú ọ̀run. Nígbà tí tírélà náà máa fi kọjá tán, Elizabeth bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹ̀yìn pátákó náà, kò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni pátákó wà.

"Dókítà. A ti kọjá ibi tó yẹ ká yà."

"A ò tíì kọjá ẹ̀."

"A ti kọjá ẹ̀!"

Dókítà gbójú sókè. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè yí padà, irin gígùn ni wọ́n fi pín ọ̀nà láàárín. Àwọn ọkọ̀ tó yí wọn ká kún fún àwọn ọkùnrin tó ró aṣọ funfun ìhùrámì tí àwọn àlàájì máa ń ró. Elizabeth wo aṣọ tirẹ̀, abáyà dúdú kan náà tí gbogbo obìnrin ń wọ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n kọ orúkọ ìjọ rẹ̀ sí i láyà. Níwájú, láàárín eruku, ó rí àwọn ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìkámà wa," Dókítà ní. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. Ìkámà ni káàdì tí àlejò fi ń gbé ìlú náà, ó sì wà lórí tiwọn gbangba pé wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. "Wọ́n á ní a mọ̀ọ́mọ̀ wá ni. Wọ́n á ní kí ni a wá ṣe."

"Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé a ṣìnà."

"Ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹni bíi tèmi, pé mo ṣìnà?"

Nínú ìbẹ̀rù náà pàápàá, Elizabeth gbọ́ ọ: ẹni bíi tèmi.

Ọlọ́pàá tó wá sójú fèrèsé wọn kéré lọ́jọ́ orí, eruku ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun. Ó kí wọn ní sàlámà. Ó gba káàdì, ó wò ó, ó wo ojú Dókítà, ó tún wo káàdì. Ó ké pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn náà wá, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ kan ní Lárúbáwá kíákíá. Elizabeth ò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà nawọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó nàka sí ohun tó wà níwájú ọkọ̀.

"Jàwáàlì," ó ní.

Elizabeth mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Fóònù ni.

Inú fóònù náà ni orúkọ gbogbo àwọn tó ń wá sí pálọ̀ wọn wà, àti orin tí wọ́n kọ nígbà Àjíǹde. Samuel wà níbẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Péjú wà níbẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń fi owó oṣù rẹ̀ tọ́ àwọn àbúrò. Màmá náà sì wà níbẹ̀, ó ń húkọ́, ó ń béèrè bóyá ó ti ń gbà á.

Dókítà yọ fóònù kúrò níbi tó fi kọ́. Elizabeth rí ibi tí ìka Dókítà kọ́kọ́ lọ. Èjì ni. Lẹ́yìn náà, òdo.

"Dókítà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ohùn Màmá."

Kò wò ó. Elizabeth mọ̀ pé bí òun bá na ọwọ́ báyìí, òun á bá ọwọ́ ọkọ òun kí ó tó tẹ èyí tó kù. Ó ronú kan Samuel. Ó ronú kan ọmọ tuntun náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó wò ó, kò gbé e. Ìka Dókítà tẹ òdo. Ó tẹ ẹ̀sán.

Ojú fóònù ṣú. Ó wá funfun báláú, ó sì kí wọn káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, ó ní kí wọ́n yan èdè tí wọ́n bá fẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà á, ó wò ó, ó dojú rẹ̀ dé, ó tún wò ó. Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló fi bá wọn sọ̀rọ̀: "Máàpù dà? Máàpù ni mò ń wá. Mo fẹ́ fi ọ̀nà Táífù hàn yín."



Ó mi orí, ó dá fóònù padà, ó sì fi ìka yàwòrán ọ̀nà náà sórí eruku tó wà lára ọkọ̀ wọn: ẹ yí padà níbí, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ yà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní eruku òní ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìnà, kí wọ́n rọra wakọ̀. Ó fún wọn ní káàdì wọn. Bí ó ti fẹ́ kúrò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún nàka sí fóònù.

"Tuntun ni? Màbúrúùkù!"

Ó ń bá wọn yọ̀ pé wọ́n ra fóònù tuntun.

Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì yà sí ọ̀nà tó jẹ́ tiwọn. Ibẹ̀ dá, òkè olókùúta ló wà lápá òsì, Mẹ́kà sì wà lẹ́yìn òkè náà. Dókítà dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Òógùn ti mu kóòtù tuntun.

"Ó lè jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni," ó ní. "Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Elizabeth ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì nínú báàgì. Ẹ̀rù tó bà á lójú ọlọ́pàá, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bà á báyìí, torí pé bí kò bá pe Ṣìkẹ́, ó ṣì lè máa rò pé bóyá ohùn Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà. Ó ń dún. Ó ń dún.

"Ìyá Ìjọ!" Ohùn Ṣìkẹ́ lọ sókè láti Járúwàlì. Dókítà ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kí ó yé pe Elizabeth bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. "Ìwọ rèé? Mo rò pé o ti bá mi jà ni. Àlàájì, ẹ dákun, ẹ má tíì bu ìrẹsì yẹn, kò tíì jinná! Elizabeth, ò ń gbọ́ mi?"

"Ṣìkẹ́, ohùn Màmá mi. Èyí tí mo ní kí o pa rẹ́."

Ṣìkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé Dókítà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbí."

"A jẹ́ pé mo ti pa á rẹ́ nìyẹn."

"Ṣìkẹ́, má fi mí ṣeré. Kò sí mọ́. Kò sí níbikíbi mọ́. Lónìí ni, lójú mi, mo jókòó síbẹ̀ mò ń wò ó." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

"Ó tó, ó tó, má sunkún sójú títì. Mo parọ́ fún ọ ni. Mo fẹ́ pa á rẹ́ o, torí pé ìwọ lo bẹ̀ mí. Mo tẹ̀ ẹ́, fóònù wá bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú. Àdúrà ni, orúkọ mi sì wà nínú ẹ̀. Ṣé èmi Ṣìkẹ́ ni màá gba àdúrà lẹ́nu ìyá arúgbó, kí n wá dà á sí garawa ìdọ̀tí? Dúró, jẹ́ kí n mú fóònù kejì."

Elizabeth gbọ́ tí wọ́n gbé nǹkan, tí àwo dún, tí ẹnì kan ń béèrè omi. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ, ó jìnnà díẹ̀, ó ń dún nínú ilé tó kún fún èèyàn:

"Ṣé ó ti ń gbà á? Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀?"

Elizabeth jókòó sórí òkúta. Dókítà ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Elizabeth gbé fóònù sókè kí òun náà lè gbọ́. Màmá ki Àṣàbí. Ó ní Ọlọ́run á fi ọmọ dá a lóhùn, ohùn àwọn ọkùnrin kan sì gbà á láti ìhà kejì, "Àmín!" Àwọn àlàájì tó ń dúró de ìrẹsì ni. Wọn ò mọ Àṣàbí, wọn ò mọ ìyá rẹ̀, àdúrà ọmọ ni wọ́n gbọ́.

Ìgbà náà ni Elizabeth rántí bí àdúrà náà ṣe parí. Nínú ilé tó kún fún àlàájì, ní Járúwàlì, orúkọ Jésù ló ń bọ̀ yẹn. Ó fẹ́ pariwo pé kí Ṣìkẹ́ pa á, kò sì fẹ́ kí ó pa á. Màmá ti ń gbàdúrà fún Ṣìkẹ́. Ó ti parí ti Ṣìkẹ́. Ó ní, "Lórúkọ…"

Ikọ́ ńlá kan gbé Ṣìkẹ́. Ó húkọ́ bí ẹni tí ata há sí lọ́fun, ó húkọ́ títí Màmá fi parí.

"Àmín!" ni gbogbo ilé náà dáhùn.

"Àmín," Dókítà náà sọ ọ́, lábẹ́ ohùn bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní pálọ̀. Ó wo ọ̀nà, ó wo òkè tó wà níwájú wọn. Ó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, sókè, débi pé awakọ̀ kan tó ń kọjá yí orí padà wò wọ́n.

"Ẹ gbà mí o, ikọ́ yìí," Ṣìkẹ́ ní. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ ọ ló máa ń gbé mi níbi kan náà. Ìyá Ìjọ, ṣé o ti gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ṣìkẹ́, má pa á rẹ́ o."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Elizabeth wo ọkọ rẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dá mi lójú," ó ní.